Ẹ Bi Káfíńtà: Òrùlé Kọnsáfátọ́rì Tí Kò Gbóná Nígbà Òtútù, Tí Kò Tutù Nígbà Ooru

Ìbéèrè

Bàbá Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Chatham ní Kent la ń gbé. Nígbà tí a ra ilé yìí, a bá kọnsáfátọ́rì kan lẹ́yìn rẹ̀, mítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Gíláàsì ni ògiri rẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, tó ní ihò gbọọrọ gbọọrọ nínú. A kò tíì gbádùn rẹ̀ rí. Bí ó bá di July, kò sẹ́ni tó lè jókòó níbẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí ó bá di January, èémí wa á máa yọ èéfín níbẹ̀. Fíríìjì ńlá wa àti páálí iṣu nìkan ló ń gbébẹ̀. Àwọn náà ò tún gbádùn rẹ̀: láàárín òtútù tó kọjá, ẹran inú fírísà yọ́! Iṣu tí mo rà ní Peckham, bí mo ṣe gé e báyìí, inú rẹ̀ ti dúdú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá kan ilẹ̀kùn wa. Ó ní òun máa fi fóìlì àti pátákó rọ́bà funfun bo abẹ́ òrùlé náà lọ́jọ́ méjì, pé kò kan káńsù rárá, kí a san ìdajì owó sílẹ̀. Aládùúgbò wa ṣe irú rẹ̀, ó dára lójú. Ọmọ mi obìnrin máa bímọ ní November, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá bá wa wẹ ọmọ. Mo fẹ́ kí yàrá yẹn di ibi tí èèyàn lè gbé. Ṣé kí n fún un lówó?

*Ìyá Ìbejì, Chatham*

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ọmọ á ti ọ̀nà ire wá, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Nípa owó, ẹ má tíì fún un. Mi ò pe ọmọkùnrin náà lólè o, àwọn kan wà tí wọ́n mọ iṣẹ́ yẹn ṣe dáadáa. Àmọ́ ohun tí kò bá yín sọ ló ṣe pàtàkì jù: ọ̀nà wo ni omi inú afẹ́fẹ́ máa gbà jáde, ṣé férémù yín sì lè gbé ẹrù tó fẹ́ gbé lé e? Títí yóò fi dáhùn méjèèjì, kó má kan ìṣó kankan mọ́ òrùlé yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ fíríìjì àti iṣu, torí ìyẹn kò lè dúró. Ẹ ṣí fíríìjì yín, ẹ wo bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ń kó ẹ̀fọ́ sí. Ẹ ó rí SN, N, ST tàbí T níbẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ N, yàrá tó wà láàárín dígírì 16 sí 32 ni wọ́n ṣe é fún. SN lè fara dà á dé 10. T lè gba ooru títí dé 43, ṣùgbọ́n òun náà ò fẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju 16. Ọ̀pọ̀ fíríìjì tó ní fírísà nísàlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń wọn òtútù inú rẹ̀, apá òkè ló sì wà. Nígbà tí yàrá fúnra rẹ̀ bá ti tutù tó inú fíríìjì, ohun tó ń wọn òtútù ò ní rí ìdí láti tan mọ́tò. Mọ́tò á dákẹ́, fírísà ìsàlẹ̀ á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹran yín ṣe yọ́ nìyẹn nínú yàrá tí ẹ̀yin ń gbọ̀n. Ní July ẹ̀wẹ̀, mọ́tò yẹn ò ní sinmi, iná ni yóò máa jẹ.

Iṣu ní tirẹ̀ kò fẹ́ òtútù tó bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 12 lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì dára lójú, inú rẹ̀ á ti máa dúdú, á sì máa rà. Ẹni tó tà á fún yín ní Peckham lè máà jẹ̀bi rárá. Ẹ gbé méjèèjì wọ inú ilé lónìí, ẹ má dúró de òrùlé.

Ó yá, òrùlé. Polycarbonate ni wọ́n ń pe irú èyí tí ẹ ní, èyí tó sì wọ́pọ̀ lórí àwọn kọnsáfátọ́rì àtijọ́ nípọn ní mìlímítà 16. Bí a bá fẹ́ mọ bí ooru ṣe ń sá jáde, a máa ń ka iye wáàtì tó ń gba ara mítà onígun mẹ́rin kan kọjá, fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí inú ilé fi gbóná ju ìta lọ. Ti polycarbonate yìí jẹ́ nǹkan bíi 2.4. Òrùlé tuntun lórí àfikún ilé, ìlànà ìkọ́lé ní England kò fẹ́ kó ju 0.15 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti yín. Mítà onígun mẹ́rin 12 ni. Bí ìta bá wà ní dígírì 2, tí ẹ sì fẹ́ kí inú wà ní 20, òrùlé yẹn nìkan ń da nǹkan bíi wáàtì 518 nù, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi jókòó síbẹ̀. Pẹ̀lú òrùlé 0.15, ó di nǹkan bíi 32.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Ògiri gíláàsì ṣì wà. Bí gíláàsì yẹn bá tó mítà onígun mẹ́rin 15, tó sì jẹ́ onípele méjì ti àtijọ́, òun náà ń da ohun tó lé ní 750 nù, òrùlé ò sì lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní tí ẹ bá ti ṣe òrùlé, ẹ ò ní nílò hítà mọ́ láé, irọ́ ló ń pa fún yín. Ohun tí òrùlé tó dáa máa ṣe ni pé hítà kékeré á ká yàrá náà, ooru tí ẹ fowó rà á sì pẹ́ nínú ilé.

Ní ìgbà ooru, òrùlé ló ń jẹ̀bi jù. Oòrùn ń ti orí wá tààrà, ó ń gba ara rọ́bà yẹn wọlé, ooru náà ò sì rọ́nà jáde. Ní ọjọ́ 19 oṣù July 2022, nígbà tí Coningsby ní Lincolnshire dé 40.3, èyí tí wọn ò rí irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ yìí, àwọn tó ń pè mí nítorí kọnsáfátọ́rì ò jẹ́ kí n sinmi. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: ẹ bá wa fi nǹkan bo abẹ́ rẹ̀.

Abẹ́ yẹn gan-an ni wàhálà wà. Ẹ wo fèrèsé kíṣìnì yín láàárọ̀ Sátidé tí ẹ bá ti ń bọ ẹran fún àríyá: omi á máa ṣàn lára gíláàsì. Inú afẹ́fẹ́ lomi náà wà tẹ́lẹ̀, ó kan pàdé ohun tó tutù ni, ó di ìrì. Èémí èèyàn ní omi nínú, aṣọ tí ẹ sá sínú ilé ní omi nínú, ìkòkò amàlà ní omi nínú. Afẹ́fẹ́ tó gbóná tó sì lómi nínú máa ń gòkè. Bí ọmọkùnrin yẹn bá kan fóìlì àti pátákó funfun mọ́ abẹ́ polycarbonate, afẹ́fẹ́ yẹn á gba àárín pátákó àti ojú ìṣó kọjá, á lọ pàdé rọ́bà tútù lókè, á sì di omi níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó.

Mo tú irú àjà bẹ́ẹ̀ palẹ̀ ní Gravesend. Níta, kò sí ohun tó ṣe é, funfun báláú. Òórùn ni onílé fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe yọ pátákó àkọ́kọ́, omi tó ti rọ̀gún sẹ́yìn fóìlì tú sí mi lápá. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kan gbogbo ẹ̀ mọ́ ti dúdú; mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, èékánná wọlé. Àwọn ìṣó ti dípẹtà débi pé orí wọn ń já sí mi lọ́wọ́. Obìnrin tó nilé ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ mu tíì lójoojúmọ́. Ẹ wá rò ó pé ọmọ tuntun ló sùn síbẹ̀, tó ń mí ohun tó ń hù lára igi yẹn sínú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára.

Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ káfíńtà nílé kò yẹ kó ṣàì mọ èyí. Abẹ́ páànù ní Ìjẹ̀bú, àwọn ọ̀gá wa kì í dí etí òrùlé pa. Wọ́n á dá ihò atẹ́gùn sí i lábẹ́ ibi tí òrùlé ti yọ síta, kí ooru tó wà láàárín páànù àti àjà lè rìn jáde. Ooru la ń lé nílé, omi la ń lé níbí, ọ̀nà atẹ́gùn kan náà ni. Láàárín polycarbonate àti insulation, ìyẹn ohun tí a fi ń dí ooru mọ́ inú ilé, àlàfo mìlímítà 50 gbọ́dọ̀ wà, kí atẹ́gùn wọlé nísàlẹ̀, kó jáde lókè. Lápá inú, níbi tó gbóná, wọ́n gbọ́dọ̀ ta rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi afẹ́fẹ́ kọjá, kí wọ́n sì fi téèpù dí gbogbo oríkèé rẹ̀, títí kan ibi tí wáyà iná bá gbà. Fóìlì onípele púpọ̀ náà nílò àlàfo tó tó mìlímítà 25 lójú kọ̀ọ̀kan kó tó lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rà á. Bí wọ́n bá fà á le, tí wọ́n fi igi tẹ̀ ẹ́ pa, owó ẹ ti wọlẹ̀.

Ẹ wá wo ti ẹrù. Polycarbonate yín kò tó kíló mẹ́ta fún mítà onígun mẹ́rin. Plasterboard lásán, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi ń ṣe àjà, láìtíì ka igi tàbí ìṣó, ju kíló mẹ́jọ lọ. Bí ẹ bá yàn láti fi gíláàsì onípele méjì rọ́pò rẹ̀, ìwé gíláàsì méjì tó nípọn ní mìlímítà mẹ́rin-mẹ́rin jẹ́ 20 kíló fún mítà onígun mẹ́rin, ìyẹn 240 kíló lórí òrùlé tí kò gbé ju nǹkan bíi 35 lọ tẹ́lẹ̀. Yìnyín tún lè bọ́ lé e, ẹ̀yin ará Kent ò tíì gbàgbé ìparí February ọdún 2018. Férémù rọ́bà funfun tó di òrùlé yín mú, fún ẹrù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, ẹ ò ní kọ́kọ́ gbọ́ ariwo kankan. Ilẹ̀kùn ló máa kọ́kọ́ máa há, lẹ́yìn náà ẹ ó rí i pé ojú òrùlé ti tẹ̀ láàárín.

Kí ni mo máa ṣe tó bá jẹ́ tèmi? Bí owó bá wà, mo máa yọ òrùlé yẹn pátápátá, mo máa fi igi tàbí álúmíníọ̀mù tí wọ́n ṣírò agbára rẹ̀ kọ́ òmíràn, mo máa ki bọ́ọ̀dù PIR, ìyẹn fóòmù líle tó ń dí ooru mọ́, sáàárín àwọn igi náà, mo máa tún fi òmíràn bo abẹ́ wọn kí òtútù má bàa gba ara igi wọlé, kí n tó wá fi táìlì fúyẹ́ bo orí rẹ̀. Fèrèsé òrùlé kan tàbí méjì tó ṣeé ṣí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé pé yàrá ìjẹun tó wà lẹ́yìn kọnsáfátọ́rì, ọ̀dọ̀ òrùlé yẹn ló ti ń rí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá dí i pa, iná lẹ ó máa tàn ní ọ̀sán gangan.

Irọ́ wà nínú pé kò kan káńsù. Kọnsáfátọ́rì lásán, tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí kò ju mítà onígun mẹ́rin 30 lọ, tó ní ilẹ̀kùn gidi láàárín òun àti ilé, tí hítà rẹ̀ sì dá dúró, ìjọba yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀pọ̀ ìlànà ìkọ́lé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ òrùlé tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé di èyí tó dí pa, ọ̀rọ̀ ti yí padà, ọ̀dọ̀ building control, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ìkọ́lé wò, ló yẹ kí ẹ lọ. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ abẹ́ òrùlé nìkan lẹ fẹ́ bò, ẹ pè wọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọn á wo ìṣirò férémù, wọ́n sì lè ní kí ẹ gbẹ́ ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìsàlẹ̀ láti rí bí ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó. Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá fún yín nígbà tí iṣẹ́ bá parí, òun ni lọ́yà ẹni tó bá fẹ́ ra ilé yín lọ́jọ́ iwájú máa béèrè. Bí kò bá sí, orí ẹ̀yin tí ẹ nilé lọ̀rọ̀ máa já sí, ọmọkùnrin yẹn á ti lọ kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn.

Ẹ pè é padà. Ẹ ní kó yàwòrán ọ̀nà tí atẹ́gùn máa gbà fún yín, kó sọ iye kíló tó fẹ́ gbé lé férémù, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni yóò gba ìwé ẹ̀rí building control. Bí ó bá gbà, ẹ jẹ́ ká máa bá a sọ̀rọ̀. Ìwé àdéhùn tí ẹ bá fọwọ́ sí nínú ilé ara yín, òfin fún yín ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà. Bí owó iṣẹ́ náà bá sì ju £100 lọ tí kò kọjá £30,000, ẹ fi káàdì kírẹ́díìtì san lára rẹ̀, torí òfin ọdún 1974 mú ilé-iṣẹ́ káàdì náà mọ́ ọn bí iṣẹ́ bá bàjẹ́.

November ti sún mọ́ jù fún òrùlé tuntun. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ àti ìyá rẹ̀ sùn síbẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ fi pálọ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ máa gba àlejò ìkómọ ní kọnsáfátọ́rì pẹ̀lú hítà fún wákàtí díẹ̀.

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú déédéé ìwòyí. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ yọ ilẹ̀kùn tó wà láàárín kíṣìnì àti kọnsáfátọ́rì wa kí ó lè fẹ̀, ká sì fa páìpù rédíétọ̀ ilé dé ibẹ̀. Polycarbonate ni òrùlé tiwa náà. Ṣé ó dáa?

*Délé, Milton Keynes*

Ìdáhùn

Délé àbúrò mi, má yọ ọ́. Ilẹ̀kùn yẹn ni ògiri ìta ilé rẹ. Bí o bá yọ ọ́ lábẹ́ òrùlé yẹn, gbogbo ooru kíṣìnì rẹ á máa lọ sókè, bọ́ílà rẹ á máa ṣiṣẹ́ fún ojú ọ̀run. Rédíétọ̀ tó sì ti ara ti ilé wá, tí kò ní ìṣàkóso tirẹ̀, ó máa gba àǹfààní tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì lókè lọ́wọ́ rẹ, ìyẹn bí ìjọba ṣe yọ kọnsáfátọ́rì kúrò nínú ọ̀pọ̀ ìlànà ìkọ́lé. Kọ́kọ́ tún òrùlé ṣe pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, lẹ́yìn náà ni kí o bi building control bóyá wọ́n máa gbà kí ilẹ̀kùn kúrò. Kí ìyàwó rẹ náà má bínú sí mi. Fún ìsinsìnyí, ẹ fi rọ́bà dí etí ilẹ̀kùn náà dáadáa, kí ẹ sì ra aṣọ fèrèsé tó nípọn síbẹ̀.

Ìbéèrè

Bàbá, ẹ káàsán. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ayálégbé sì ni mí ní Salford. Yàrá tí wọ́n fún mi láti máa kàwé, kọnsáfátọ́rì ni. Onílé ní òun ò ní lówó òrùlé. Kí ni mo lè ṣe láìfọwọ́ kan ilé onílé?

*Mojí*

Ìdáhùn

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Nígbà òtútù, gbé tábìlì rẹ sún mọ́ ògiri bíríkì ilé, jìnnà sí gíláàsì. Má sá aṣọ síbẹ̀, bó ti wù kó rọrùn tó. Bí o bá ń wẹ̀, ti ilẹ̀kùn ibi ìwẹ̀, kí o sì ṣí fèrèsé ibẹ̀ díẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ó lè ra aṣọ fèrèsé onípele afárá oyin fún òrùlé náà, èyí tó ní ihò nínú tó ń di afẹ́fẹ́ mú. Owó rẹ̀ kò tó ti òrùlé, ó sì máa ràn ọ́ lọ́wọ́ nígbà méjèèjì, bí kò tilẹ̀ ní wo àrùn náà sàn. Bí omi bá ń kán, tàbí tí o rí ohun dúdú tó ń hù ní igun, ya fọ́tò rẹ̀, kọ̀wé sí onílé kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀.

Nígbà ooru, ṣí fèrèsé òkè àti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ pọ̀ láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Aṣọ tó bá ṣíji bo òrùlé láti ìta máa ń ṣiṣẹ́ ju ti inú lọ, torí pé oòrùn kò tíì wọlé kó tó dá a padà. Kí onílé pe ẹni tó mọṣẹ́ láti ta á. Ìwọ má gun òrùlé yẹn rárá, ì báà ṣe láti nu ewéko tó hù sínú ihò rẹ̀. Polycarbonate kò lè gbé èèyàn.